Ẹni Tí Wọ́n Ti Já Sílẹ̀ Rí: Ọ̀rọ̀ Akọ́nimọ̀ọ́gbá Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ yìí kan ilẹ̀kùn mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó tẹ orí ba wọlé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, nítorí pé ó ga ju ẹnu ọ̀nà mi lọ, ó kí mi, kò sì jókòó. Ó na ìwé kan tí ó ti ká sí ọ̀nà mẹ́rin sí mi. Orúkọ ọmọ 19 ni ó wà nínú rẹ̀, ó fi bírò kọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan dáadáa pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti ibi tí ó ń dúró sí lórí pápá. Òfin bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kò gba ju agbábọ́ọ̀lù 12 lọ fún ẹgbẹ́ kan nínú eré kan, bọ́ọ̀sì tí a sì ti san owó rẹ̀ láti gbé wa lọ sí Ìbàdàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kò gbà ju èrò 14 lọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fa igi lé méje nínú wọn. Ọwọ́ mi kò gbé e."

Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni mo sì ń tọ́jú ìwé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ yìí: ẹni tí ó wá, ẹni tí kò wá, ẹni tí ó fara pa, owó omi, owó bọ́ọ̀lù. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nítorí pé àwọn mìíràn tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù kiri bíi tirẹ̀ ń padà sílé báyìí, wọ́n sì ń bi í léèrè bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn wa ni pé n kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ kankan tí ó ti gbá fún, n kò sì ní dárúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ibí ni ó ti kọ́kọ́ di bọ́ọ̀lù mú, lórí pápá onísìmẹ́ńtì ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí igi máńgòrò na ẹ̀ka bò, tí ó fi jẹ́ pé ní àsìkò máńgòrò, wọn a gbá pápá kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ̀ ṣubú lórí èso tí ó ti rà. Láti ìgbà tí ó ti pé ọmọ ọdún 19 títí ó fi di ẹni ọdún 32, ẹgbẹ́ mẹ́fà ni ó gbá fún: ọ̀kan ní Ìbàdàn, méjì ní Èkó, ọ̀kan ní òkè Ọya, ọ̀kan ní Kútọnu, kí ó tó tún padà sí Èkó. Kò sí ibi tí ó ti jẹ́ ààyò nínú gbogbo wọn, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún un ni pé kí ó dojú kọ ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù jù nínú àwọn alátakò, kí ó lẹ̀ mọ́ ọn bí òjìji, títí àárẹ̀ yóò fi mú onítọ̀hún tàbí tí rẹfirí yóò fi fun fèrè ẹ̀ṣẹ̀ karùn-ún lé òun fúnra rẹ̀ lórí, nítorí pé ẹni tí ó bá ti ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún ti parí eré nìyẹn. Nígbà tí ẹni tí ń darí eré bá fi ẹsẹ̀ rọ́, òun ni wọ́n ń sọ fún pé kí ó bọ́ sí ipò rẹ̀. Nígbà tí ẹni gíga tí ń dúró lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ bá gba ilé lọ nítorí owó oṣù tí wọn kò san, òun náà ni wọ́n ń tì síbẹ̀.

Bí ó ṣe kúrò nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Níbi àkọ́kọ́, ó dé ibi ìgbáradì ní ìrọ̀lẹ́, ó bá ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ó sì ka orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbà pé tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Níbi kejì, wọ́n sọ fún un pé aago mẹ́fà ni ọkọ̀ yóò gbéra; ọkọ̀ ti lọ ní aago márùn-ún ààbọ̀. Níbi kẹta, ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni ó pè é lórí fóònù láti bèèrè yàrá tí ó ń sùn, kí òun lè gbé ẹrù òun wá. Ó máa ń sọ èyí pẹ̀lú ẹ̀rín, àwọn ọmọ a sì bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí i kí ó sọ ọ́ rí kí ó má fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ni akọ́nimọ̀ọ́gbá kan pè é sí kọ̀rọ̀, ní Kútọnu, tí ó wí fún un lójúkojú pé orúnkún rẹ̀ kò lè bá eré àsáré náà lọ mọ́, tí ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní òun sunkún lọ́jọ́ náà, òun kò sì bínú.

Kì í ṣe ọwọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan ni ó fi jìyà. Ìjà lórí ta ni yóò jẹ́ olórí àjọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Nàìjíríà bẹ́ sílẹ̀ ní 2017, líìgì wa kò sì lọ déédéé mọ́ fún ọdún bíi mélòó kan. Ní oṣù Karùn-ún 2022 ìjọba àpapọ̀ kéde pé Nàìjíríà yọwọ́ kúrò nínú ìdíje òkèèrè fún ọdún méjì. Ní oṣù Kẹfà wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó yí i, FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àgbáyé, ti fi Mali rọ́pò àwọn obìnrin wa, D'Tigress, nínú ìdíje àgbáyé ti Sydney. Mínísítà eré ìdárayá ìgbà náà, Sunday Dare, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, nítorí náà a jiyàn ọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí mo ń lọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọdún yẹn gan-an ni ọkùnrin yìí dì ẹrù rẹ̀ wá sílé. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé búlọ́ọ̀kù, ní ìrọ̀lẹ́ ó sì ń lọ sí pápá tí ó ti kọ́ṣẹ́, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ju bọ́ọ̀lù sókè láìsí ẹni tí ń darí wọn. Ọmọ mẹ́fà ni ó bá níbẹ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n ti di 19.

Mo ti rí àwọn tí ń kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò rí irú tirẹ̀. Fún 20 ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò sí bọ́ọ̀lù lórí pápá. Yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ òbíríkítí márùn-ún sílẹ̀, ọmọ kan a dúró nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ yóò sì máa rìn láàárín wọn bí ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Bí ó bá ti kọjá ẹni àkọ́kọ́, ọmọ tí ó wà ní apá kejì, ẹni tí bọ́ọ̀lù jìnnà sí, ni ó gbọ́dọ̀ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ kí ó wá dí ọ̀nà apẹ̀rẹ̀. Ẹni kẹta yóò sì sún wá bo àyè tí ẹni kejì fi sílẹ̀. Lójijì ni yóò fun fèrè, gbogbo wọn a dúró bí igi, yóò sì yíjú sí ẹni tí ó kúrú jù láti bi í pé, níbo ni ó yẹ kí ẹni tí ó ga jù wà báyìí? Bí ọmọ náà kò bá mọ̀ ọ́n, wọn yóò tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jókòó kò sinmi: yóò ké sí ọ̀kan nínú wọn lójijì pé ẹ̀ṣẹ̀ mélòó ni nọ́ńbà keje ti ṣẹ̀, ọwọ́ wo ni ó fi ń ju bọ́ọ̀lù. Ó ní ẹni tí ó jókòó, ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó.

Níbo ni ó ti kọ́ èyí bí kò ṣe lórí ìjókòó? Ẹni tí ara rẹ̀ yá, tí ó ń fò kọjá orí ènìyàn méjì láti fi bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀, kò nílò láti mọ ohun tí àwọn mẹ́rin yòókù ń ṣe, bí o bá sì ní kí ó kọ́ ọmọ rẹ, yóò ní kí ó máa wo òun. Ọkùnrin tiwa ti dúró ní ipò márààrún nígbà tí ẹlòmíràn ṣàìsàn, ó sì ti fi ojú kó gbogbo eré tí wọn kò jẹ́ kí ó gbá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Nígbà tí a forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 18 ní Ìbàdàn, mo rán an létí lẹ́ẹ̀kan pé 12 ni wọn yóò gbà. Ó dáhùn pé Ọlọ́run yóò ṣe é. Nínú àwọn eré ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ tí a gbá, gbogbo ọmọ 19 ni ó ń pààrọ̀ wọlé ní ìṣẹ́jú dọ́gbadọ́gba, tí ó fi jẹ́ pé bí àwọn márùn-ún kan bá ti ń gbọ́ ara wọn yé, ó ti fun fèrè, ó ti kó wọn jáde. A fi àmì mẹ́sàn-án ṣíwájú àwọn alátakò nígbà kan, a sì pàdánù eré náà. Bàbá ọmọ kan bi mí ní ojú ọ̀nà bóyá tọ́ńbólà ni a ń fi ọmọ òun ta. Àwọn ọmọ fúnra wọn ti ń dẹwọ́, nítorí pé ẹni tí ó wá ní ojoojúmọ́ àti ẹni tí ó ń wá ní ọjọ́ tí ó bá wù ú, ọgbọọgba ni wọ́n jọ ń pín eré. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ọwọ́ mi ni ìwé wà, mo sì ti ka 19 láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, mo dákẹ́ nítorí pé n kò fẹ́ kí ó rò pé mo fẹ́ gba ẹgbẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà, mo ní kí ó jókòó. Mo bi í bóyá ó rántí Ime Udoka, ẹni tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún Nàìjíríà rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ta ni nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò rántí 2006, nígbà tí àwọn ọkùnrin wa, D'Tigers, na Serbia àti Montenegro ní 82 sí 75 nínú ìdíje àgbáyé ní Japan, tí Jámánì ti Dirk Nowitzki fi àmì kan ṣoṣo, 78 sí 77, lé wa kúrò ní ìpele ẹgbẹ́ 16? Udoka ni ó ju bọ́ọ̀lù sápẹ̀rẹ̀ jù fún wa ní ìdíje náà. Ohun tí ó gbàgbé ni bí ọkùnrin náà ṣe dé ibẹ̀. Portland ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1977, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó parí yunifásítì, kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà, tí ó yàn án. Ó gbá ní líìgì kékeré, ó gbá ní Faransé àti Sípéènì. Eré mẹ́rin péré ni ó gbá fún Los Angeles Lakers ní 2004, mẹ́jọ péré fún New York Knicks ní 2006. Irú àdéhùn kan wà níbẹ̀ tí kì í sábà ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ: bí ọjọ́ kọkànlá bá ti mọ́, ó lè jẹ́ pé ẹrù rẹ ni ìwọ yóò máa dì. Ó ti pé ẹni ọdún 29 kí ẹgbẹ́ NBA ti Portland tó fún un ní àyè tí ó dúró. Lẹ́yìn náà ni San Antonio Spurs, Sacramento Kings, àti Spurs lẹ́ẹ̀kejì, tí wọ́n tún já a sílẹ̀ ní oṣù Kínní 2011. Ní 2012, Spurs kan náà ni ó pè é padà láti wá ran Gregg Popovich, olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà, lọ́wọ́ nínú ìkọ́ni, wọ́n sì gba ife NBA ní 2014. Ó ṣe igbákejì ní Philadelphia àti Brooklyn kí Boston Celtics tó fi í ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2021. Nígbà tí wọ́n gbá eré 39 nínú sáà náà, 18 péré ni wọ́n borí. Kò bò ó, ó sọ àbùkù àwọn ọmọ rẹ̀ ní gbangba níwájú àwọn oníròyìn. Wọ́n parí pẹ̀lú 51 nínú 82, wọ́n dé àṣekágbá, Golden State Warriors sì borí wọn ní mẹ́rin sí méjì.

Mo fi kún un pé iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin náà ni mo ń wò, nítorí pé ní oṣù Kẹsàn-án 2022 Celtics dá a dúró fún odidi sáà kan lórí ẹ̀sùn pé ó rú òfin ilé wọn, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Houston Rockets ni ó gbà á ní 2023, lẹ́yìn sáà tí wọ́n ti pàdánù eré 60. Ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n borí 41, wọ́n pàdánù 41. Mo ní, "Ìyẹn náà, wọ́n já a sílẹ̀ títí. Síbẹ̀, ní ọjọ́ eré, ó ń yan márùn-ún, ó sì ń fi àwọn yòókù sórí ìjókòó."

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, àwọn tí òun ń fi sórí ìjókòó ń gba owó oṣù. Jẹ́sì yìí nìkan ni àwọn ọmọ tèmi ní."

Èsì yẹn pa mí lẹ́nu mọ́. Òótọ́ ni ó sọ, gbogbo ìtàn Udoka tí mo ti kó jọ láti ìrọ̀lẹ́ kò sì tó láti fi dá a lóhùn. Nígbà tí mo rí i pé ó fẹ́ dìde, mo bi í ní ìbéèrè kan tí n kò múra rẹ̀ sílẹ̀: nínú àwọn ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èwo ni kò bínú sí? Ó ní Kútọnu. Ó tún un sọ, ó rọra sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ká ìwé rẹ̀ padà sí mẹ́rin, mo fi lé e lọ́wọ́ láìfa igi kankan.

Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń pe àwọn ọmọ méje náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó ní ọ̀ọ́kán pẹ̀lú ìwé mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ń sọ ìdí tí orúkọ ọmọ náà kò fi wọlé, ó ń sọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ tún ṣe, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é fún un kí ó lè rí i. Ẹni kẹrin ni ó le jù, ọmọ ọdún 16 kan tí àbúrò rẹ̀ wà nínú àwọn 12.

"Kóòṣì, ṣé torí pé mo kúrú ni?"

"Rárá. Ẹni tí ó kúrú jù ọ́ lọ ń lọ. Ọwọ́ òsì rẹ kò tíì lè lu bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá ti tì ọ́ sí òsì, bọ́ọ̀lù ti bọ́ nìyẹn. O mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n."

"Àbúrò mi ńkọ́?"

"Àbúrò rẹ ń lọ."

Ọmọ náà gbé bọ́ọ̀lù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì lù ú mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì; ní ẹ̀kẹta ó bà á lẹ́sẹ̀, ó sì yí gbirigbiri lọ sínú gọ́tà. Kò sí ẹni tí ó lọ mú un nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ dé láti ọjà pẹ̀lú ìyẹ̀fun èlùbọ́ ní etí ìró. "Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé ẹ mú àbúrò, ẹ fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é?" Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kí ó dọ̀bálẹ̀ tán, ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Bí ẹ̀gbọ́n bá bá wa dé Ìbàdàn, tí wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá lójú àbúrò rẹ̀, ojú wo ni yóò fi wò ó tí wọ́n bá délé?" Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ òun nínú. Ó wá bèèrè ẹni tí yóò máa mójú tó àbúrò náà ní Ìbàdàn, ó tú owó oúnjẹ rẹ̀ nínú ìdí aṣọ, ó kà á sí mi lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

A borí eré àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, a pàdánù ìkejì ní 51 sí 47, a sì padà sílé. Nínú àwọn méje tí kò lọ, mẹ́ta dé pápá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀kan ti bọ́ sí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn méjì kan kò padà wá mọ́ títí di òní, ọ̀kan nínú wọn sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìkí mi, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ó máa ń kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín ni. Ẹ̀gbọ́n náà dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó lọ dúró sínú òbíríkítí.

Àwọn òbí kan yin akọ́nimọ̀ọ́gbá náà gidigidi fún ohun tí ó ṣe lábẹ́ igi máńgòrò. Ní tèmi, ìyìn náà pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ tí a bá sọ fún ọmọ ní ọjọ́ méjì sí ìrìn-àjò, lẹ́yìn oṣù márùn-ún tí a ti jẹ́ kí ó máa rò pé àyè òun dájú, ó súnmọ́ ọkọ̀ tí ó lọ ní aago márùn-ún ààbọ̀ ju bí òun ṣe fẹ́ gbà lọ. Mo sọ èyí fún un, ó sì jiyàn. A tún ń jiyàn lórí ọ̀kan nínú àwọn 12 náà, ọmọ tí ó mú nítorí pé kò pa ìgbáradì jẹ rí, tí mo sì gbà pé kò tó ẹni tí ó fi sílẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní bí wọ́n bá ti mú òun lọ́nà yẹn rí, òun ì bá ti pẹ́ ní ẹgbẹ́ kan.

Nígbà tí a ṣí ìforúkọsílẹ̀ tuntun, ọmọ 23 ni ó wá. Kí ó tó kí wọn, ó ti sọ pé àwọn 12 ni yóò lọ, pé orúkọ wọn yóò jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ìrìn-àjò, àti pé òun fúnra òun ni yóò sọ ọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjì kan gbé bàtà wọn, wọ́n lọ. Ó jókòó sórí pákó, ó so ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ó ti dì gbagidi mọ́ orúnkún, ó ní kí n kọ 21 sílẹ̀, ó sì ní kí ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbé e wá sílẹ̀ níbí.